Orí Ta Ló Wà Nínú Fíìmù Yìí?

“Eku kì í lo sísọ́ọ̀sì, Mùsílíù.”

Bí Inspẹ́kítọ̀ Ìdòwú ṣe kí mi káàárọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà nìyẹn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì wa, ó na fíìmù ńlá kan sójú oòrùn, kò tilẹ̀ wojú mi. Ẹni tó bá mọ Màdáámù mọ̀ pé kì í kí ènìyàn tí nǹkan bá ti gbà á lọ́kàn. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ọmọ tíṣà, obìnrin kan ṣoṣo tó wà ní ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wa ní Ìlọrin lọ́dún 1996 yẹn. Èmi ni sájẹ́ǹtì rẹ̀, ọmọ bíbí Ìlọrin. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé fáìlì, kí n máa wa mọ́tò, kí n sì máa gba ìbínú rẹ̀ mọ́ra.

Mo sún mọ́ fèrèsé. Àwòrán orí ènìyàn ló wà lára fíìmù náà, ṣùgbọ́n kò jọ ẹ́síréè tí mo mọ̀. Mi ò rí egungun kankan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń tàn, funfun nínú òkùnkùn, bíi gbòǹgbò igi tí wọ́n hú tí wọ́n sì fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Níbi tí iṣan kan ti pín sí méjì, nǹkan kan wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Igun fíìmù náà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún ti lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọsibítù máa ń kọ orúkọ aláìsàn sí.

“Alhájì Àbdùlkàdírì ní eku ló jẹ ẹ́, Màdáámù.”

“Tí eku bá jẹ nǹkan, ojú eyín á hàn níbẹ̀. Wo bí èyí ṣe lọ tààrà. Ẹnì kan jókòó, ó fara balẹ̀, ó gé orúkọ kúrò.”

Ọjọ́rú tó ṣáájú ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Naimat ló gbé e wá, ẹni ọdún méjìlélógún, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Bàbá rẹ̀, Alhájì Láwàl, ni olórí agboolé ńlá kan ní Gàmbàrí. Lọ́jọ́ Ajé, Alhájì jáde lọ ṣe àlùwàlá Àsùbáà nídìí kànga ẹ̀yìnkùlé, kò sì wọlé mọ́. Ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀tù, ìyá Naimat, ló bá a nílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́yìn etí rẹ̀. Kí ìrun ọ̀sán, Àìlà, tó wọlé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Bí a ṣe ń sin òkú nílùú wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe sin èmi náà. Dókítà kankan kò fojú kan òkú náà.

Nígbà tí àwọn kan fẹ́ máa ráhùn nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn, Alhájì Àbdùlkàdírì, àbúrò olóògbé, gbé fíìmù yìí jáde lójú ẹbí. Ó ní lọ́dún tó kọjá tí òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ lọ sí Mẹ́kà, orí fọ́ ẹ̀gbọ́n òun, òun sì gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Jẹ́dà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya orí rẹ̀, wọ́n rí iṣan tó wú, wọ́n ní yóò bẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti wá bẹ́. Ẹ̀gbọ́n òun ṣubú, ó forí gbá etí kànga, ó parí. Gbogbo ẹbí ní kádàrá ni. Naimat nìkan ni kò gbà.

“Bàbá mi ò sọ ọ́ rí pé wọ́n ya orí òun,” ló sọ fún wa. “Tí ẹsẹ̀ bá dùn wọ́n lásán, gbogbo agboolé ló máa gbọ́.”

“Kí ló dé tí ìyá ẹ ò wá fúnra wọn?” ni Màdáámù béèrè.

“Ìyá mi wà nínú tàkàbà, mà. Wọn ò gbọdọ̀ jáde fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn ló rán mi. Wọ́n ní ẹ̀yìn etí Bàbá ti là sí ọ̀nà méjì. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó máa forí gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?”

“O sọ ìyẹn fún àbúrò bàbá ẹ?”

Ó wolẹ̀. “Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Bàbá Kékeré ní ní ọjọ́ fídáù, lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àfi kí n kúnlẹ̀ kí n sọ pé mo parọ́ mọ́ àwọn. Tí mi ò bá kúnlẹ̀, kí èmi àti ìyá mi kẹ́rù wa jáde lọ́jọ́ náà.”

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Kí wọ́n lé opó jáde nínú tàkàbà, láìtíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ọkọ rẹ̀ kú! Mo mọ àwọn ènìyàn mi, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dá Àbdùlkàdírì lẹ́kun, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí agboolé lọ́jọ́ fídáù yẹn gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà la lọ bá a. Ó gbà wá dáadáa, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún wa. Jàlàbíà funfun ló wọ̀, láwàní rẹ̀ wé ṣánṣán, tìróò dúdú ojú rẹ̀ sì ń dán. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ìka méjì tẹ ẹ̀bátí rẹ̀. Ó ní ẹkún ẹ̀gbọ́n òun ló fọ́ òun lórí.

“Lẹ́tà tí dókítà Jẹ́dà kọ ńkọ́, Alhájì?” ni Màdáámù wí.

“Ó ti sọnù.”

“Níbo lẹ wà ní Àsùbáà ọjọ́ Ajé?”

“Ọ̀fà Garage. Àlejò mi kan ń lọ sí Òṣogbo, mo lọ sìn ín wọkọ̀.”

Nígbà tí Màdáámù béèrè fíìmù, ó gbé e fún wa láìjanpata. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kí ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ fi han ẹnikẹ́ni tó bá wù yín.”

Ọ̀gá wa àgbà kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ẹjọ́ tí kò lókùú nílẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́, òun ò sì ní bá wọn hú òkú mùsùlùmí ní Gàmbàrí kí ìlú má bàa gbaná. Ó fún wa di ọjọ́ Ajé.

*

Ọ̀gbẹ́ni Túnmiṣe ló ń ya ẹ́síréè ní ọsibítù kan nígboro. Ó gbé fíìmù náà sórí àpótí oníná, ó sì súfèé.

“Níbo lẹ ti rí èyí? Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n fi yà á. Kò sí irú rẹ̀ ní Ìlọrin. Mo lo ọdún kan nídìí ọ̀kan nílùú òyìnbó. Òòfà ńlá ni. Wọ́n á tẹ́ aláìsàn sínú ihò rẹ̀, wọ́n á sì máa ya àwòrán. Wọn ò gún un lábẹ́rẹ́, wọn ò sì da àwọ̀ kankan sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.”

“Kí ló wá mú kí ẹ̀jẹ̀ máa tàn báyìí?” ni Màdáámù béèrè.

“Bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì ni, mà. Ẹ̀rọ náà á máa pariwo mọ́ ibì kan nínú orí, léraléra, kò ní dákẹ́. Ẹran ara tó jókòó sójú kan á dáhùn díẹ̀, á rẹ̀ ẹ́, á panu mọ́, ibẹ̀ á sì dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í jókòó. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ kò tíì gbọ́ ariwo kankan, kò tíì rẹ̀ ẹ́, òun ló máa dáhùn kíkan. Òun lẹ ń wò tó funfun yìí.”

Màdáámù fi ìka lé ibi tó wú náà.

“Ìwú yìí ńkọ́?”

“Ibi tí ara iṣan ti fẹ́lẹ́ nìyẹn, ó wú bíi táyà tó fẹ́ bẹ́. Tó bá bẹ́, ikú ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń dí i, wọn ò sì lè ṣe é níbí. Fíìmù yìí ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè kó tó gbé ọ̀bẹ, torí òun ni yóò fi mọ̀nà.”

Ó wá tọ́ka sí àwọn àwòrán kéékèèké tó tò sí ìsàlẹ̀ fíìmù náà, èyí tó fi gbogbo orí hàn láti ẹ̀gbẹ́. Níwájú ojú méjèèjì, dúdú kan wà níbẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan gé ibẹ̀ jẹ.

“Èyí ló ń yà mí lẹ́nu. Irin ló máa ń ba àwòrán jẹ́ báyìí. Ohun tí irin wà nínú rẹ̀ ló wà lójú ẹni yìí.”

“Gíláàsì ni,” ni mo yára wí.

“Wọn ò ní jẹ́ kó gbé gíláàsì wọlé, Sájẹ́ǹtì. Aago, òrùka, bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin ni wọ́n á ní kó bọ́. Ohunkóhun tó jẹ́, aláìsàn náà kò mọ̀ pé irin ni.”

A kọjá sọ́dọ̀ Naimat. Bàbá rẹ̀ kò lo gíláàsì rí, wọn kò sì fọwọ́ kan ojú rẹ̀ ní ọsibítù rí. Màdáámù kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ní tèmi ti rí apààyàn mi. Àgbẹ̀ kan ní Malete ti lérí lọ́jà pé òun máa gba ẹ̀mí Alhájì Láwàl nítorí ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti agboolé wọn. Mo wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti ń ro bí wọ́n á ṣe fún mi ní ipò tuntun. Mo bá ọkùnrin náà lórí ẹní, ejò ti bù ú ṣán láti ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju orí mi lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n dúró jẹun, mo ní mo yó. Ebi sì ń pa mí kú lọ.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wẹ̀, mo múra Jímọ̀, mo yà ní ọ́fíìsì láti sọ fún Màdáámù pé mo ń lọ kírun. Ó gbójú sókè láti ìdí fáìlì.

“Kí ló wà lójú ẹ?”

“Tìróò ni, Màdáámù. Súnà ni.”

“Tí wọ́n bá ní kí o bọ́ gbogbo irin tó wà lára ẹ báyìí, kí lo máa bọ́?”

“Aago mi. Bẹ́líìtì. Báájì yìí.”

“Ṣé o ò ní nu tìróò?”

“Kí ló kan tìróò, Màdáámù? Irin ni?”

Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọdún méje ni mo ti bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́, mi ò rí i kó sáré rí àfi lọ́jọ́ yẹn. A lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀fà Garage, ó bá wa tú òòfà jáde nínú sípíkà tó ti bàjẹ́. Màdáámù ní kí n gbé ìgò tìróò mi wá. Ó da ìyẹ̀fun náà sórí bébà, ó sì fi òòfà sún mọ́ ọn.

Tìróò mi kò mira. Ó jókòó síbẹ̀ gẹlẹ́ ni.

“Ó tán,” ni mo wí. Mo ti pẹ́ Jímọ̀ nítorí ẹ̀.

“Kò tán. Ti tìẹ nìkan la wò.” Ó sọ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta ó pe Naimat. “Ṣé bàbá ẹ máa ń lé tìróò?”

“Rárá, mà. Ojú wọn máa ń wú tó bá kàn wọ́n. Láti kékeré ni, ìyá wọn ló sọ fún wa.”

Màdáámù wojú mi, mo wojú rẹ̀. Orí tó wà nínú fíìmù kì í ṣe ti Láwàl. Ó kù kí a mọ ẹni tó ni ín, nítorí tí mo bá ní kí n ka àwọn ọkùnrin tó ń lé tìróò ní Ìlọrin, ọdún á yípo.

“Ọ̀rọ̀ Túnmiṣe ni mo ń rò láti Ọjọ́bọ̀,” ni Màdáámù wí. “Gbogbo àwọn tó ń gbé agboolé yẹn la ti pariwo mọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, tàbí kí wọ́n dákẹ́. Naimat, ta ló máa ń wọlé tó sì máa ń jáde láàárọ̀, tí kì í ṣe ará ilé?”

Ó ronú. “Kò sí o. Àfi Asabe. Òun ló máa ń gbé orín àti tìróò wá fáwọn àgbà tí wọ́n bá ti ń múra Àsùbáà. Láti ọjọ́ Ajé yẹn, kò tíì wá.”

*

Asabe ń gbé lẹ́yìn ọjà Gàmbàrí, obìnrin Haúsá kan tó ti dàgbà, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ọrùn ọwọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ ló wà níwájú rẹ̀. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá lára mi, ó fẹ́ dìde.

“Jókòó, Màmá,” ni Màdáámù wí. “Tìróò la wá wò.”

Ó tẹ́ ìgò mẹ́rin jáde. Màdáámù da díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà, ó fi òòfà kàn án. Àkọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ìkejì náà ò mira, ìkẹta náà kò ṣe nǹkan kan. Ìkẹrin fò dìde bí ẹni pé ó lẹ́mìí, ó sì lẹ̀ mọ́ òòfà yíká.

Mo sọ pé “Lá ìláhà illallóhù!” Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

“Kí lẹ fi sínú èyí?” ni Màdáámù béèrè.

“Òkúta dúdú ni, hajia. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé e bọ̀ láti ìhà Òkenè. Ó máa ń mú kó dán. Ṣùgbọ́n ó wúwo lójú, àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ.”

“Ta ló fẹ́ ẹ?”

Asabe wo ilẹ̀kùn. “Wallahi, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀.”

“Màmá, wọ́n fẹ́ lé opó jáde nínú tàkàbà lọ́jọ́ Ajé.”

Obìnrin náà gbé ọwọ́ dúdú rẹ̀ lé orí. “Alhaji Àbdùlkàdírì. Òun nìkan ni mo ń lọ̀ ọ́ fún. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá.”

“Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?”

“Ọjọ́ Ajé yẹn. Ladani ṣì ń pe ìrun lọ́wọ́. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ibi kànga, ó sì ń jáde bọ̀. Ojoojúmọ́ ló máa ń kí mi. Kò kí mi lọ́jọ́ náà. Aṣọ rẹ̀ tutù látorí orúnkún dé ilẹ̀. Mo wọlé, mo rí Alhaji Láwàl nílẹ̀, mo sá. Ọlọ́run dárí jì mí, mo sá lọ. Mo ní wọ́n á sọ pé èmi ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí òótọ́ ló sọ: òun ni wọn ìbá kọ́kọ́ nà.

*

Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alhájì Àbdùlkàdírì jókòó níwájú wa nínú agbádá tuntun. Aago mẹ́wàá ni fídáù. Naimat wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Màdáámù ló ní kí n má tì í.

Ó tò ó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: igun tí wọ́n gé, irin tó wà lójú, tìróò tí ojú Láwàl kò gbà, òkúta dúdú tí Asabe ń lọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, àti aṣọ tó tutù.

Àbdùlkàdírì rẹ́rìn-ín. “Inspẹ́kítọ̀, ṣé ọlọ́jà Haúsá kan ni ẹ fẹ́ fi bá mi ṣẹjọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ra tìróò níbi tó wù ú ní Jẹ́dà. Ta ló máa jẹ́rìí sí i? Ẹ lọ hú u jáde kẹ́ ẹ bi í.”

“Ẹ ò parọ́,” ni Màdáámù wí. “Mi ò lè hú u. Mi ò sì ní ìbéèrè mọ́.” Ó ti bébà kan síwájú rẹ̀. “Ẹ bá mi fọwọ́ sí èyí kẹ́ ẹ máa lọ síbi fídáù yín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé orí Alhájì Láwàl ló wà nínú fíìmù yìí. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, a ó pa fáìlì dé, a ó sì fi iná sun fíìmù náà. Olóògbé kò nílò rẹ̀ mọ́.”

Ọkùnrin náà mú bírò. Ó gbé e sórí bébà, kò sì kọ nǹkan kan.

“Túnmiṣe ní ìwú yẹn burú,” ni Màdáámù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ó ní ẹni tó bá ni orí yẹn gbọ́dọ̀ wá dókítà kíákíá, fíìmù yìí ló sì máa gbé dání. Ó mà dára tó jẹ́ ti ẹni tó ti kú ni. Ẹ fọwọ́ sí i, Alhájì. Àwọn àlùfáà ń dúró.”

Ìka méjì lọ sí ẹ̀bátí rẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, tìróò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri bó ṣe ń dún. Ó wo fíìmù náà, ó wo bébà, ó tún wo fíìmù. Màdáámù ṣáná ìṣáná kan, ó sì fa fíìmù náà sọ́dọ̀.

“Ẹ má sun ún!” Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi ní fíìmù mi.”

Màdáámù fẹ́ ìṣáná náà pa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé a bi í. Ọdún kan ni dókítà Jẹ́dà fún un, oṣù mọ́kànlá ló ti lọ nínú rẹ̀. Ó bẹ Láwàl pé kí wọ́n ta ilẹ̀ agboolé tó wà lọ́nà Malete kí òun lè padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Láwàl ní ilẹ̀ bàbá àwọn kò ṣeé tà. Ó ní fíìmù lásán ni, àwọn oníṣègùn fẹ́ jẹun ni, kó lọ máa gbàdúrà.

“Mo kúnlẹ̀ fún un nídìí kànga yẹn. Mo ń sunkún. Ó ń bomi fọ apá rẹ̀, kò tilẹ̀ dá a dúró. Mo tì í.” Ó fi agbádá tuntun nu ojú, gbogbo rẹ̀ sì di dúdú. “Ìgbà àkọ́kọ́, inú ló bí mi. Ìgbà kejì, ó ti ń dìde.”

Mo gbọ́ ohùn Naimat níta. Kò pariwo. Ohun tó dún dà bíi pé wọ́n fi nǹkan dí i lẹ́nu.

*

Wọ́n ṣe fídáù náà lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kankan kò sì ní kí Naimat kúnlẹ̀. Hàlímọ̀tù parí tàkàbà rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé Àbdùlkàdírì lọ sílé ẹjọ́, Naimat wá sí ọ́fíìsì, ó dúró níwájú Màdáámù.

“Ṣé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá Kékeré, mà?”

“A máa kọ̀wé sí ìjọba,” ni Màdáámù wí.

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà náà, mo sì mú un lọ fúnra mi. Nínú ìwé ẹ̀rí wa, mo fa igi lé ibi tí mo kọ “fíìmù orí olóògbé Láwàl” sí, mo kọ orúkọ ẹni tó ni ín sórí rẹ̀. Fíìmù náà wọ kọ́bọ́ọ̀dù, a tì í, nítorí òun ni ilé ẹjọ́ fẹ́ rí. Àbdùlkàdírì ní kí wọ́n bá òun bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun máa mú un dání. A ò lè fún un. Màdáámù kò jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà fún wa.

Ìdáhùn lẹ́tà wa kò tíì dé nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí mo mú un lọ. Ó ń kírun Àsùbáà lọ́wọ́ ni, ó forí kanlẹ̀, kò gbé e sókè mọ́. Kí Àìlà tó wọlé, wọ́n ti sin ín. Dókítà kankan kò fojú kan òkú náà. Àwòrán ohun tó pa á wà lọ́dọ̀ wa nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.